Ta ni Josh Gibson, agbábọ́ọ̀lù baseball tó gba ipò kìíní lẹ́yìn ọdún 77 tó ti jáde láyé?

Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, àjọ tó ń darí ìdíje baseball tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, Major League Baseball, tún ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ty Cobb, tó ti wà lókè téńté fún ọ̀pọ̀ ọdún, bọ́ sí ipò kejì. Josh Gibson, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó kú ní ọdún 1947, tí wọn kò sì jẹ́ kó kópa nínú ìdíje náà rí, ló gba ipò kìíní.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Nínú baseball, ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù, alátakò rẹ̀ á sì fi igi gbá a. Iṣẹ́ náà le débi pé ẹni tó bá ṣàṣeyọrí nígbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Nínú ìgbà 1,000, Cobb ń ṣàṣeyọrí nígbà 367. Gibson, ìgbà 372.

Ní ọdún 1943 nìkan, ti Gibson tó 466. Ó fi èyí borí Hugh Duffy, tó ti di ipò náà mú pẹ̀lú 440 láti ọdún 1894.

Kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ kò fi sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti bí Gibson ní oṣù Kejìlá, ọdún 1911. Nígbà ayé rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ńlá kì í gba aláwọ̀ dúdú. Èyí ló mú kí àwọn aláwọ̀ dúdú dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Negro Leagues. Ibẹ̀ ni Gibson ti gbá bọ́ọ̀lù fún Pittsburgh Crawfords àti Homestead Grays.

Ó kú ní ọjọ́ 20, oṣù Kínní, ọdún 1947, ní ẹni ọdún 35. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Jackie Robinson wọ pápá fún Brooklyn Dodgers, tí ìlẹ̀kùn sì ṣí.

Ọdún 2020 ni àjọ náà tó gbà pé ìdíje ńlá ni Negro Leagues. Àkọsílẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó lé ní 2,300, láti ọdún 1920 sí 1948, ló wọ inú ìwé náà.

Kí ni awuyewuye tó wà níbẹ̀?

Àwọn kan ní kò yẹ kí wọ́n fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Ìgbà tí Cobb di igi mú lé ní 11,000. Ti Gibson tó wà lákọsílẹ̀ kò ju 2,000 àti díẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni, àmọ́ ìyàsọ́tọ̀ ló fà á. Láti rówó jẹun, àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú ń rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gbá ọ̀pọ̀ eré tí wọn kò kà mọ́ ìdíje.

Cobb náà kò sì kojú aláwọ̀ dúdú kankan nínú ìdíje tó sọ ọ́ di olókìkí. Àbùkù wà lára àkọsílẹ̀ méjèèjì, ibì kan náà ló sì ti wá.