Eric Treacy: Bíṣọ́ọ̀bù tó fi kámẹ́rà pa ìtàn ọkọ̀ ojú irin mọ́

Ọdún 1836 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin Lime Street ní ìlú Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtòsí ibẹ̀, ní Edge Hill, ni Eric Treacy, ẹni tí wọ́n bí lọ́dún 1907, ti ṣe àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ní àwọn ọdún 1930. Àdúgbò yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ọkọ̀ ojú irin.

Ibẹ̀ dára fún iṣẹ́ náà púpọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Lime Street, òkè ló máa gùn lọ sí Edge Hill, láàrin ògiri òkúta gíga lọ́tùn-ún lósì. Òkè náà le débi pé okùn ni wọ́n fi ń fa ọkọ̀ gùn ún títí di ọdún 1870. Ẹ̀ńjìnnì tó ń jó èédú ní láti tiraka gidigidi níbẹ̀, èéfín rẹ̀ a sì bo ojú ọ̀run. Nítorí pé ọkọ̀ kò tíì lè sáré, kámẹ́rà ayé ìgbà náà lè mú un dáadáa.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà gba sùúrù. Ẹni tó ń ya fọ́tò kò ní mọ̀ bóyá ó dára àfi tó bá fọ̀ ọ́ tán nínú òkùnkùn. Bí ó bá bàjẹ́, ọkọ̀ ti lọ. Treacy mú àwọn awakọ̀ lọ́rẹ̀ẹ́, ó ń fún wọn ní fọ́tò, àwọn náà a sì mú kí èéfín rú dáadáa fún un.

Lọ́dún 1962, ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná dé Lime Street láti Crewe. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ, ọdún 1968, ẹ̀ńjìnnì 45110 fa ọkọ̀ ìdágbére British Railways kúrò níbẹ̀. Pọ́n-ùn 15 àti ṣílè 15 ni owó ọkọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ńjìnnì ọ̀hún di irin àlòkù tí wọ́n gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. 45110 wà lára ìwọ̀nba tó yè.

Ọdún 1968 yìí kan náà ni Treacy di Bíṣọ́ọ̀bù Wakefield, ó sì fẹ̀yìn tì lọ́dún 1976. Ní ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 1978, ó lọ ya fọ́tò ẹ̀ńjìnnì èédú kan ní ibùdókọ̀ Appleby. Ibẹ̀ ni ọlọ́jọ́ dé bá a, lẹ́ni àádọ́rin ọdún.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin ní ìlú York. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ńjìnnì inú wọn kò sí láyé mọ́.