Thomas Lipton: Oníṣòwò Tíì àti Olùdíje Lórí Òkun

Orúkọ Lipton kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti mọ̀ ọ́n lára páálí tíì. Ṣùgbọ́n kí ó tó di orúkọ ọjà, orúkọ ènìyàn ni. Ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ni a bí Thomas Lipton sí ní nǹkan bí ọdún 1848. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ireland, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kékeré, ó ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà, ó ṣe iṣẹ́ oko níbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní New York. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ọgbọ́n ìpolówó ọjà.

Ní ọdún 1871, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Glasgow. Ó ń ra bọ́tà àti ẹyin lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, kí èrè alágbàtà má baà gbé owó ọjà ga. Nígbà tí ó di ọdún 1890, ó ra oko tíì ní Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, ó sì ń ta tíì ní iye tí agbára òṣìṣẹ́ ká. Òpìtàn kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ará Tamil tí wọ́n ń já ewé náà fún owó táṣẹ́rẹ́.

Ìdíje ọkọ̀ onígbòkun ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó du ife-ẹ̀yẹ America's Cup: ní ọdún 1899, 1901, 1903, 1920 àti 1930. Shamrock ni ó pe ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1920, ó borí nínú eré méjì àkọ́kọ́. Ó ku ẹyọ kan péré kí ife náà di tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó pàdánù mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e. Kò bínú, kò ṣàríwísí ẹni tí ó borí rẹ̀. Nígbà tí ó tún kùnà ní ọdún 1930, àwọn ará Amẹ́ríkà dáwó jọ, wọ́n fi ife wúrà ta á lọ́rẹ.

Ní ti ìtọrẹ àánú, ó fi £25,000 bọ́ àwọn tálákà ìlú London ní ọdún 1897, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria pé ọgọ́ta ọdún lórí oyè. Ní ọdún 1915, ó fi ọkọ̀ rẹ̀, Erin, gbé àwọn oníṣègùn àti oògùn lọ sí Serbia. Ǹjẹ́ àánú ni gbogbo èyí, tàbí ìpolówó ọjà? A kò lè sẹ́ pé òkìkí rẹ̀ ń ran òwò rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú ní ọdún 1931, láìní aya, láìní ọmọ, ìlú Glasgow ni ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún, nítorí àwọn aláìní. Òkú kì í polówó ọjà. Ìwé ìhágún rẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ pé kì í ṣe èrè nìkan ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.