Àwòṣe àti Àwòṣe-Ìperí: Láti Abẹ́ Afárá Dọ̀pẹ̀mú dé inú Gírámà Yorùbá

Ẹni tí ó bá dúró lábẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú yóò rí dánfó tí ń kó èrò lọ sí Àgége. Ọkọ̀ tí ń rú èéfín yìí gan-an ni ìpele kìíní. Bí àwọn awakọ̀ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ka ọkọ̀ wọn, ẹni tí yóò ṣe ètò náà ní láti kọ́kọ́ ya àwòṣe: ọkọ̀ ní nọ́ńbà, ó ní awakọ̀, ó ní ojú-ọ̀nà. Ìpele kejì nìyẹn. Òfin tí ó sọ ohun tí ó lè wà nínú àwòṣe ni ìpele kẹta, èyí tí a lè pè ní àwòṣe-ìperí. Ìkẹrin ni òfin tí a fi ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Òun a sì máa júwe ara rẹ̀, kí àtẹ̀gùn náà má baà gùn lọ láìlópin. (Òdo ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà tiwọn: M0 títí dé M3.)

Ìṣètò yìí ní ìtàn. Ọ̀nà ìyàwòṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó kọ́ ọ̀kan kò fi lè ka òmíràn. Ní 1994, James Rumbaugh lọ bá Grady Booch ní ilé-iṣẹ́ Rational. Ivar Jacobson dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1995. Iṣẹ́ wọn ni ó di UML, tí ẹgbẹ́ OMG tẹ́wọ́ gbà ní 1997. Ọdún kan náà ni ẹgbẹ́ yìí gba MOF, òfin ìpele kẹrin.

Àwọn onímọ̀ Yorùbá ti gun irú àtẹ̀gùn yìí ṣáájú. Apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984; apá kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Ajá tí ń gbó lójúde ni ìpele kìíní. ‘Ajá’ tí ẹnu pè ni ìkejì. ‘Ọ̀rọ̀-orúkọ’ ni ìkẹta. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí: ‘ọ̀rọ̀-orúkọ’ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ṣùgbọ́n ‘ọ̀rọ̀-ìṣe’ kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe rárá, ọ̀rọ̀-orúkọ ni òun náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìpele tí òun dúró sí yóò ní ọ̀rọ̀-ìṣe ni ‘eré’, nítorí pé ènìyàn ní í sá a. Àṣìṣe kan náà ni ti ẹni tí ó kọ nọ́ńbà dánfó kan ṣoṣo sínú àwòṣe gbogbo ọkọ̀: bí ọkọ̀ kejì bá dé, ètò dàrú.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fojú fò. OMG ló ṣe òfin kí àwòṣe tó tẹ̀ lé e. Ẹnu àwọn ènìyàn ni àwọn onígírámà ti bá èdè. Bí òfin bá takò ó, òfin ni a ó tún kọ.