Lẹ́tà Tí Òjé Kò Gbà

Ní 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, ọmọ ogun Jámánì kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí ó ní ìwé kékeré kan tí ó máa ń fi gègé dárà sí. Hermann Zapf ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Nuremberg ni a bí i sí ní 1918. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni ó kọ́kọ́ wù ú, ṣùgbọ́n ìjọba Násì kórìíra bàbá rẹ̀, ọmọ náà kò sì rí ilé ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ wọ̀. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọnà ìkọ̀wé, láti inú ìwé Rudolf Koch àti ti Edward Johnston.

Ní 1948, ó fẹ́ sọ irú ìkọ̀wé náà di lẹ́tà ìtẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ Stempel. Òjé kò gbà. Ẹ jẹ́ kí a yé ara wa: orí ìtì òjé kékeré onígun mẹ́rin ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa ń dúró, ìtì kan a sì fara ti èkejì bí búlọ́ọ̀kù ara ògiri. Bí ìrù lẹ́tà bá yọ kọjá etí ìtì rẹ̀, kò sí ohun tí yóò gbé e ró. Bí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, ó lè ṣẹ́. Zapf ní láti gé apá, kí ó gé ìrù. Virtuosa ni wọ́n sọ èyí tí ó jáde. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹyẹ tí a ré ìyẹ́ rẹ̀ ni.

Ọdún 45 kọjá. Ní 1993, ará Amẹ́ríkà kan, David Siegel, wá bá a pé kí àwọn jọ fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Siegel fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìparí. Zapf gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ Linotype, ó sì jáde ní 1998. Zapfino ni. Kò sí ìtì mọ́: ìrù f rọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ, orí h nà sókè, lẹ́tà kan a sì máa gun orí èkejì. Nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kì í kọ a lẹ́ẹ̀mejì kí ó bára mu rẹ́gí, oríṣiríṣi ẹ̀dà ni ó ṣe fún lẹ́tà kan náà. Lórí kọ̀ǹpútà Apple, bí a bá tẹ orúkọ Zapfino gan-an, lẹ́tà méjèèje a di àmì kan ṣoṣo.

Irú lẹ́tà yìí kò wà fún ìwé gígùn. Ojú ìwé kan péré ti tó láti dá òǹkàwé lágara. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni ó yẹ, àti ìwé ẹ̀rí. Kí a má sì fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ ọ̀rọ̀, nítorí wọn yóò lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn.

Ti àwa Yorùbá tilẹ̀ tún le sí i. Ìsàlẹ̀ tí ìrù ń gbà ni àmì abẹ́ ẹ àti ọ wà. Òkè tí orí ń nà sí ni àmì ohùn wà. Bí òǹtẹ̀wé bá sì torí ẹwà yọ àmì wọ̀nyí dànù, ọkọ ìyàwó yóò di oko ìyàwó, àwọn tí a pè yóò sì máa bèèrè bóyá kí àwọn mú àdá wá.