Aléjó kì í ṣe Ọ̀gá Ijó

N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ ijó bí ìṣísẹ̀, ìyípo àti ẹnìkejì. Jáàsì ti di ọmọ ilé, kí ó máa jẹ́ jáàsì. Lindy Hop, ijó swing tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní Harlem, New York, ní ìparí àwọn ọdún 1920, kí ó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n máa pe ẹni tó ń darí níbẹ̀ ní "ọ̀gá ijó", kí wọ́n pe ẹnìkejì rẹ̀ ní "ọmọ-ẹ̀yìn". Ṣé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà ni?

"Aṣíwájú" náà kò ṣe é lò. Ẹ wo swingout, òpó tó gbé ijó yìí ró: láàárín kíkà mẹ́jọ, adarí á gba ẹnìkejì mọ́ra, wọ́n á yí, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó kọjá lọ. Ta ló wá ṣíwájú? "Afajó" ńkọ́? Àléébù àgbà oníjó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Lindy Hop nìyẹn. Ẹni tó ti ń jó àpíìrì, orin àti ijó Èkìtì, láti kékeré ní Ìkẹ̀rẹ́ tàbí Emùré, ìlù ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ já fáfá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ló bá ń fa ọmọ ọlọ́mọ kiri agbo.

Inú àpíìrì yẹn náà ni ọ̀rọ̀ tí à ń wá wà. Ẹnìkan á lé orin, àwọn yòókù á gbè é. Bí a bá ń lé orin, kí ló ní ká má lé ijó? Aléjó! Wọ́n á ní ó jọ àlejò. Ohùn àlejò ń wálẹ̀, ti aléjó ń gòkè. Yorùbá tí etí rẹ̀ kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹjọ́ ọ̀rọ̀ tuntun kọ́.

Ẹnìkejì á wá di agbèjó. Gbígbè kì í ṣe títẹ̀lé lásán. Elégbè tó mọṣẹ́ a máa fi adùn tirẹ̀ kún un. Ní 1935, ní gbọ̀ngàn ijó Savoy Ballroom ní Harlem, Frankie Manning tó ń jó Lindy Hop tẹ̀ba, Frieda Washington ẹnìkejì rẹ̀ sì tàkìtì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ká ní agbèjó yẹn kò fò, aléjó ìbá kàn dà bí ẹni tó ń wá owó nílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ọkùnrin nìkan ni í jẹ́ aléjó, ẹ bi í pé kí ni à ń pe ìlù tó ń darí dùndún.