Ẹṣin Kékeré Tí Kò Tíì Mọ Ìjánu: Èló Ló Yẹ Ká Rà Á?

 

Ẹran tó ṣòro ná jù lọ́jà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ẹran tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á. Tó bá jẹ́ àgbò ni, ẹ ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó mọ iye ẹran tó wà níbẹ̀. Ọmọ ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí wá ńkọ́? Ẹni tó ń tà á ń sọ ohun tó máa dà lọ́la, ẹni tó fẹ́ rà á ń wo ohun tó jẹ́ lónìí. Àárín òní àti ọ̀la yẹn ni gbogbo àríyànjiyàn owó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn àwọn ẹṣin kékeré ìbílẹ̀ Ìlú Ọba, tí wọ́n ń pè ní póní, là á yé wa dáadáa. Oríṣiríṣi ni wọ́n: ti erékùṣù Shetland ní Skọ́tílándì, ti Exmoor, ti Dartmoor, ti New Forest. Orí òkè àti pápá àjùmọ̀ní ni wọ́n ti ń jẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ni wọ́n, àmọ́ a kì í so wọ́n mọ́lẹ̀. Ní New Forest, wọ́n máa ń dà wọ́n jọ kí òtútù tó dé, wọ́n á gé irun ìrù wọn láti fi hàn pé a ti san owó ìjẹko, wọ́n á sì kó àwọn tí wọ́n fẹ́ tà lọ sọ́jà Beaulieu Road. Òmíràn nínú àwọn ọmọ yẹn kò ju bí oṣù 6 lọ, okùn kò kan ọrùn rẹ̀ rí.

Ọba Henry Kẹjọ ní tirẹ̀, gíga nìkan ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní 1540 ó ṣòfin pé, ní àwọn ẹkùn kan, akọ ẹṣin tí kò bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 ní èjìká kò gbọ́dọ̀ jẹ̀ ní pápá àjùmọ̀ní. Ẹṣin ogun tó lè gbé ọkùnrin tòun ti ẹ̀wù irin ló ń wá. Lójú ọba, póní kò níye. Àmọ́ koríko orí òkè kò lè bọ́ ẹṣin ńlá. Àwọn kúkúrú yìí ló lè jẹ ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ kí wọ́n sì la òtútù já, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi parun.

Nígbà tó yá, èédú yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1842, ìjọba fòfin de obìnrin àti ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 10 láti ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú. Wọ́n wà lára àwọn tó ń wọ́ ẹrù èédú nínú ihò tóóró tẹ́lẹ̀. Ta ló máa wá wọ́ ọ báyìí? Póní Shetland ni, tí kì í ga ju ínǹṣì 42 lọ, tó sì lágbára ju bó ṣe rí lọ. Kíkúrú tí ọba kà sí àbùkù wá di owó! Ní 1870, Marquess ti Londonderry, tó ní kòtò èédú ní Durham, dá ọgbà ìbísí póní sílẹ̀ ní erékùṣù Bressay àti Noss, kó lè máa rí èyí tó ki, tí kò ga. Nígbà tó fi máa di 1913, bí 70,000 ẹṣin àti póní ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ ní Ìlú Ọba.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Àwọn póní tó kẹ́yìn nínú kòtò èédú ìjọba, ní Ellington, jáde ní 1994. Láti 2009, wọ́n tún ní kí ọmọ ẹṣin ní microchip lára, lórí pásípọ́ọ̀tù tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ póní tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú wá di ẹran tí owó ìwé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ara rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i o: póní ò yí padà. Iṣẹ́ tó ń dúró dè é ló yí padà.

Nítorí náà, ẹ̀yìn la ti ń ka owó ẹran tí kò tíì mọ iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè èló ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ tó ti mọ iṣẹ́. Ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́, ká ní 100 ni. Òfin 1911 ní ẹṣin gbọ́dọ̀ pé ọdún 4 kó tó wọ kòtò èédú. Ẹni tó bá ra ọmọ oṣù 6, ọdún mẹ́ta àbọ̀ ló máa fi bọ́ ọ lásán. Ẹ yọ 30 fún oúnjẹ, 10 fún pátákò àti oògùn, 25 fún ẹni tó máa kọ́ ọ. Ẹ yọ 10 fún ewu, torí ó lè kú, ó lè yarọ. 25 ló kù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ẹ má fojú kékeré wo ewu yẹn. Òkè Ọya ni Ọ̀yọ́ Ilé ti ń ra ẹṣin ogun, torí eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nínú igbó. Ẹni tó bá mú ẹṣin wá sí ìsàlẹ̀ ra ikú mọ́ ọn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ la ẹnu rẹ̀ wò. Eyín ọmú méjì àárín máa ń já ní bí ọdún méjì àbọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ní mẹ́ta àbọ̀, ti ìgun ní mẹ́rin àbọ̀. Bí wọ́n bá ní ọmọ ọdún 4 ni, tí eyín ọmú ṣì kún iwájú ẹnu, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó rìn lórí ilẹ̀ líle, kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ akọ tí wọn ò tíì tẹ̀ lọ́dàá, ẹ yọ owó ìyẹn náà. Bó bá sì ń gbà kí a fi okùn fà á, ẹ fi díẹ̀ kún un, torí ẹnì kan ti ṣe lára iṣẹ́ yín.

Ẹ̀yin tó ń tà náà, ẹ gbọ́ o. Akọ ni kòtò èédú ń fẹ́, wọ́n sì kó àwọn akọ tó dára lọ ní Shetland, débi pé ìran tó kù lórí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́. Owó ọjọ́ kan kò tó owó irú-ọmọ. Ìyá ẹran náà sì ń jẹun lọ́dọọdún. Ọjà tí kò bá lè san owó oúnjẹ ìyá kò ní rí ọmọ rà lọ́jọ́ iwájú.

Owó tó tọ́ ni èyí tí ẹni tó rà á á lè bọ́ ọ débi iṣẹ́ láìjẹ gbèsè, tí ẹni tó tà á náà á sì lè fi bọ́ ìyá rẹ̀ di àmọ́dún.

Ẹ̀yin tó ń ra ọmọ màlúù tàbí ẹṣin, báwo lẹ ṣe ń ṣírò tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká jọ kọ́gbọ́n.