Ta Ni À Ń Gbé Ilẹ̀ Fún? Ìtàn Agbaṣẹ́ṣe Mẹ́ta, láti Kejetia dé Mbodiène

Ní 2015, ìjọba Ghana kó gáréèjì ńlá Kejetia tí ó wà ní àárín gbùngbùn Kumasi kúrò, kí wọ́n lè kọ́ ọjà ìgbàlódé sí ipò rẹ̀. Àdúgbò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìníṣà wà lára àwọn tí ó ń ṣòwò káàkiri Ghana, títí tí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní oṣù Bélú 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn ìlé-kúrò yẹn láti ẹnu àwọn àgbà mọ̀ pé ìsọ̀ ọjà kì í ṣe igi àti páànù lásán. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba bá ní kí oníṣòwò kó ẹrù rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kó ṣáájú: ta ni ń bọ̀ wá kọ́ ọ, kí ni ó ti kọ́ rí, owó ta ni yóò sì ná?

Ní Kejetia, ìdáhùn wà lákọsílẹ̀. Contracta, ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe láti Brazil, ni ó gba iṣẹ́ náà. Deutsche Bank ti Jámánì ni ó yá Ghana ní mílíọ̀nù 298 dọ́là fún ìpele kìíní. Báńkì tí yóò yọ irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́yinjú àánú. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò náwó náà àti ẹni tí yóò san án padà. Ní 2019, àwọn oníṣòwò ti ń wọ ọjà tuntun náà. Iṣẹ́ ọ̀hún ní àbùkù tirẹ̀: omi òjò ti ya wọ̀ ọ́ rí, iná sì jó àwọn ìsọ̀ kan nínú rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023. Síbẹ̀, ọjà náà dúró, ojú sì rí i.

Ghana ti rí òdìkejì èyí ṣáájú Kejetia. Ní oṣù Ògún 2010, ilé aṣòfin ní Accra fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú STX ti ilẹ̀ Kòríà Gúúsù. Ilé 200,000 ni ìlérí náà, bílíọ̀nù 10 dọ́là ni iye rẹ̀. Ilé 30,000 àkọ́kọ́ yóò jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ ààbò. Orúkọ STX tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni ó fi gba orúkọ náà. Àwọn aṣòfin alátakò yarí lórí iye tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò náni àti lórí bí ìjọba ṣe fẹ́ dúró fún gbèsè náà. Wọn kò borí. Ààrẹ Mills wá dá ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2011. Láìpẹ́, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará Kòríà àti alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Ghana lórí ẹni tí ó ni àṣẹ ilé-iṣẹ́ náà, ó sì dé kóòtù. Kí 2012 tó jìnnà, ìjọba ti pa àdéhùn náà tì, láìsí ilé kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni gbé inú rẹ̀.

Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá bá lè fọ́ ilé aṣòfin lójú báyìí, kí ni orúkọ gbajúgbajà olórin kò ní lè ṣe? Senegal ni a ti rí i. Ní 2018, Akon, olórin Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ọmọ Senegal, kéde pé òun yóò kọ́ ìlú ìgbafẹ́ sí ilẹ̀ baba òun, níbi tí wọn yóò ti máa ná Akoin, owó kírípítò tirẹ̀. Àwòrán ilé gogoro tí wọ́n gbé jáde fara jọ Wakanda inú fíìmù Black Panther. Bílíọ̀nù 6 dọ́là ni wọ́n pè é. SAPCO, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ilẹ̀ ìgbafẹ́ etíkun, gba àdéhùn náà wọlé fún Mbodiène, tí ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí gúúsù Dakar. Akon fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún 2020. Òpópónà, ilé ìwòsàn, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti wà níbẹ̀ ní ìparí 2023.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn: láti 2014 ni àjọ rẹ̀, Akon Lighting Africa, ti ń gbé iná oòrùn lọ sí àwọn abúlé Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ri òpó iná mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí kọ́ ìlú, kò sì sí ìlú tàbí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí a lè nawọ́ sí pé òun ni ó kọ́ ọ. KE International, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó kéde ní oṣù Òkudù 2020 pé òun ti gba iṣẹ́ náà, ń tọ́ka sí ìlú ìwòsàn kan ní Butere ní Kenya gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìrìn àjò ọjọ́ díẹ̀ sí Butere ìbá wúlò fún àwọn aláṣẹ Dakar ju àwòrán kọ̀ǹpútà lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ní 2021, nígbà tí kò tíì sí ilé kan tí ó dúró ní Mbodiène, ìjọba Uganda náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Mukono fún Akon City kejì. Ẹni tí ó bá rántí ariwo tí a fi ṣí Tinapa ní Calabar ní 2007 kò ní yá ara láti fi Senegal àti Uganda rẹ́rìn-ín.

Ìparí 2023 dé, ó sì kọjá. Ohun tí ó wà lórí pápá náà kò ju ilé ìgbàlejò kan tí kò parí. Nínú abúlé, ibùdó ọ̀dọ́ kan wà pẹ̀lú pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Akoin ti já wálẹ̀ di ohun tí kò tó kọ́bọ̀. Ní oṣù Agẹmọ 2025, ọ̀gá àgbà SAPCO, Serigne Mamadou Mboup, sọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ Akon City kò sí mọ́, pé ohun tí ó kéré tí ó sì ṣeé ṣe ni wọn yóò dán wò báyìí. Àwọn kan ní Mbodiène ṣì ń ké pé owó ilẹ̀ àwọn kò tíì dé ọwọ́ àwọn.

Apá kejì ìbéèrè náà wà ní Kumasi, nítorí ìjọba tí ń yẹ agbaṣẹ́ṣe wò náà ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ní 2019, ààrẹ Akufo-Addo dá ilẹ̀ ìpele kejì Kejetia. Contracta kan náà ni agbaṣẹ́ṣe, mílíọ̀nù 248 yúrò ni owó rẹ̀, àjọ UK Export Finance ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe onídùúró. Wọ́n wó Ọjà Àárín àtijọ́, wọ́n kó àwọn tí ń tajà níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2022, Ghana kéde pé òun dá sísan gbèsè òkèèrè dúró. Owó kò wọlé mọ́, iṣẹ́ dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí ó gba iṣẹ́ ti kọ́ ìpele kìíní tán lójú gbogbo ayé. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un ni kò lè san owó rẹ̀ nígbà náà, àwọn tí wọ́n kó kúrò ní ìsọ̀ wọn sì wà níta, tí wọ́n ń dúró.